Òkú Tó Gbóná Ju Alààyè Lọ

Ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo nínú bàtà òjò ló yọ jáde lára òkìtì ajílẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà náà.

Obìnrin àgbà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Nọ́ọ̀sì, torí pé ilé ìwòsàn ló ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, ló wá da ewé ẹ̀fọ́ tó ti rọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò kọ́kọ́ pariwo. Ó fi ọwọ́ méjèèjì wa koríko àti ewé gbígbẹ kúrò bí ẹni tó ń wa iṣu, títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ojú ènìyàn. Ìgbà tó dá ojú náà mọ̀ ló tó figbe ta.

Bàbá Ọgbà ni. Òun ló kó àwọn ará àdúgbò jọ tí wọ́n fi sọ ààtàn di ọgbà àjùmọ̀dá. Òun ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi ìdọ̀tí ilé ṣe ajílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gba omi òjò pamọ́, bí wọ́n ṣe ń dáná láìsí ìṣáná, bí wọ́n ṣe ń ta okùn pàgọ́ nínú igbó. Àhéré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá irinṣẹ́ ló ń sùn sí. Ẹni tó pa á fi ìkà pa á ni: fọ́ọ̀kì oko oníka mẹ́rin tí wọ́n fi ń da ajílẹ̀ rú ni wọ́n fi gún un láyà àti lọ́rùn ní àgúntúngún, títí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi dà bí asẹ́. Fọ́ọ̀kì náà ti pòórá.

Kí oòrùn tó mú, àwọn ọlọ́pàá ti dé. Obìnrin kan ló ṣáájú wọn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní Abẹ́rẹ́. Ó tínrín lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìyẹn. Ibi tí ẹlòmíràn bá ti wò tí kò rí àyè kankan, Abẹ́rẹ́ á rí ibi tó máa gbà wọlé. Sájẹ́ńtì tó ń bá a ṣiṣẹ́, ọkùnrin oníkùn kan báyìí, máa ń yára mú ènìyàn ju bó ṣe ń yára ronú lọ.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀, mà," ni Abẹ́rẹ́ wí.

Ìyá Nọ́ọ̀sì jókòó sórí korobá tó dojú dé, ajílẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. "Ọmọ mi, ó ṣì ń gbóná. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ bóyá ẹ̀mí kù níbẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná."

Sájẹ́ńtì fò sókè. "Ọ̀gá, ẹ ò rí i? Àárọ̀ yìí gan-an ni wọ́n pa á. Ẹni tó ṣe é ò tíì rìn jìnnà."

Télọ̀ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì ló parí ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó ní bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, òun rí Wẹ́dà, ọkùnrin tó ń jó irin ládùúgbò, tó ń fo wáyà ọgbà jáde, ẹ̀jẹ̀ lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, òòlù ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún fi kún un pé Wẹ́dà àti Bàbá Ọgbà ti jà lọ́sẹ̀ tó kọjá nítorí omi, Bàbá Ọgbà sì gbá a létí lójú gbogbo ènìyàn.

"Ó parí," ni Sájẹ́ńtì wí, ó ti ń tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sílẹ̀ níbàdí.

"Kò tíì bẹ̀rẹ̀," ni Abẹ́rẹ́ dá a lóhùn. Àmọ́ ó tẹ̀ lé e.

*

Wẹ́dà ò jẹ́ kí wọ́n mú òun wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó ṣe rí aṣọ ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó já irin gbọọrọ kan gbà nílẹ̀, ó sì fọ́ ọ mọ́ Sájẹ́ńtì léjìká. Sájẹ́ńtì ké bí ewúrẹ́. Ọlọ́pàá méjì dì mọ́ Wẹ́dà; ó fi orí kan ọ̀kan nímú, ẹ̀jẹ̀ dà ṣùrù. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e ṣubú, wọ́n ti gbá a nípàá débi pé ojú rẹ̀ kan ti wú dí.

"Ó tó!" ni Abẹ́rẹ́ jágbe. "Ẹ fẹ́ kó fi ẹnu sọ̀rọ̀ ni àbí ẹ fẹ́ kó fi imú sọ ọ́?"

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó gbé omi fún Wẹ́dà kí ó tó bi í léèrè ohunkóhun.

"Ẹ̀jẹ̀ ta ló wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ?"

"Tèmi." Wẹ́dà na ọwọ́ ọ̀tún síwájú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ya, ojú ọgbẹ́ náà rí wúruwùru. "Wáyà ọgbà ló ya mí. Wọ́n ti géètì pa, mo bá fò ó."

"Kí lo wá ṣe níbẹ̀?"

Ó sọ ọ́ jáde fẹ̀ẹ̀. "Mo wá fọ́ tánkì omi rẹ̀ ni. Ó gbá mi létí, ọ̀gá. Èmi, bàbá ọlọ́mọ! Mo mú òòlù, mo fọ́ tánkì náà, omi ya lulẹ̀."

"O rí òun fúnra rẹ̀?"

"Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn! Mo fẹ́ kó rí mi ni. Mo ń pè é kó jáde, mo ń bú u, mo ń lu tánkì gbàgàgbàgà. Ẹni tí koríko mì báyìí tó ti máa ń jáde pẹ̀lú àdá. Kò dá mi lóhùn."

"Ìrọ̀lẹ́ àná ńkọ́?"

"Abẹ́ tirélà ni mo wà. Dírẹ́bà rẹ̀ dúró tì mí lórí títí ilẹ̀ fi ṣú, kò jẹ́ kí n mí. Ẹ lọ bi í."

Sájẹ́ńtì, tó ti so apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, fa Abẹ́rẹ́ sí kọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, kí lẹ ń fi ìrọ̀lẹ́ àná ṣe? Àárọ̀ yìí ni òkú ṣì ń gbóná."

"Ẹni tó wá pa ènìyàn ní ìkọ̀kọ̀ kì í lu tánkì irin kí àdúgbò lè jí," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Àti pé ta ni Bàbá Ọgbà jẹ́ tó máa gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ tó máa sùn lọ? Ẹni tó ti kú nìkan ni kò ní jáde. Wa mọ́tò, à ń padà sọ́gbà."

*

Wọ́n ti gbé òkú lọ, àmọ́ Ìyá Nọ́ọ̀sì kò kúrò níbẹ̀. Ó ń rìn kiri láàárín àwọn ebè, ó ń tọ́ ẹ̀ka tòmátì tó ti wọ́ sílẹ̀ padà sára igi rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Abẹ́rẹ́ na ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sí i. "Mà, ẹ dì í mú. Ẹ sọ pé òkú náà gbóná. Ṣé bí èmi yìí ṣe gbóná ló rí?"

Ìyá Nọ́ọ̀sì dì í mú. Ó dijú. Nígbà tó la ojú, ìrísí rẹ̀ ti yí padà. "Rárá o. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbóná bí ẹni tí ibà dá gúnlẹ̀."

"Ibà kì í mú òkú, mà."

"Háà."

"Apá rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó rọ̀?"

"Ó ti le gbagidi. Àwọn tó gbé e kò rí apá náà tẹ̀." Ìyá Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu. "Olúwa mi o! Gbogbo òkú tí mo ti fọwọ́ mi tọ́jú láyé mi! Ẹni tó ti le tó bẹ́ẹ̀ ti kú tipẹ́. Ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kí n rò ó."

Abẹ́rẹ́ mú ọ̀pá irin kan nínú yàrá irinṣẹ́, ó tì í bọ inú òkìtì ajílẹ̀ gbọọrọ, ó sì fi í síbẹ̀. Nígbà tó fà á yọ, ó nà án sí Sájẹ́ńtì. Sájẹ́ńtì dì í mú, ó sì jù ú nù lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀.

"Iná wo ló wà nínú ẹ̀?"

"Bó ṣe ń jẹrà ló ń gbóná," ni Ìyá Nọ́ọ̀sì wí. "Bàbá Ọgbà máa ń sọ fún wa pé inú rẹ̀ lè se ẹyin. Bí kò bá gbóná, a mọ̀ pé a ò pò ó dáadáa."

"Nítorí náà kì í ṣe ara Bàbá Ọgbà ló gbóná," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Wọ́n sè é ni. Ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n pa á, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú ooru kí gbogbo wa lè máa wá ẹni tó wà níbí láàárọ̀. Wẹ́dà kàn ṣe kòńgẹ́ ibi ni."

Ó kúnlẹ̀ sídìí ihò tí wọ́n ti gbé òkú jáde. Ewé gbígbẹ ló wà lókè, koríko tútù ló tẹ̀ lé e. Lábẹ́ méjèèjì, níbi tí ara òkú ti fẹ̀yìn tì, eérú ló nípọn níbẹ̀, eérú funfun tó kúnná bí àtíkè. Ó bù ú, ó fi ìka ra á. Èérún dúdú kékeré kan kù sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀. Búrẹ́dì tó jóná ni.

"Ta ló máa ń gbé eérú wá?"

"Oníbúrẹ́dì. Ọmọ ẹgbẹ́ wa lòun àti ìyàwó rẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀mù ẹnu géètì yẹn ló máa ń dà á sí, gbogbo wa la sì ń bù níbẹ̀."

"Ó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ló lè bù ú," ni Sájẹ́ńtì wí, ayọ̀ díẹ̀ wà lóhùn rẹ̀.

Ìyá Nọ́ọ̀sì mi orí. "Ó ti tán. Àná ni mo fi èyí tó kù yí ìdí ewébẹ̀ mi ká nítorí ìgbín. Mo gbọn ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù náà gan-an."

Abẹ́rẹ́ dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀. "Ẹni tó ní eérú ló gbé èyí wá. Ìyàwó Oníbúrẹ́dì ńkọ́? Irú ènìyàn wo ni?"

Ìyá Nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀. "Jẹ́jẹ́ ni. Nínú oòrùn yìí, ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn ló máa ń wọ̀. Mo bi í léèrè nígbà kan, ó ní ẹ̀fọn ni. Ẹ̀fọn kì í bu ènìyàn jẹ kó dúdú, ọmọ mi. Bàbá Ọgbà náà mọ̀. Ó ń bá a sọ ọ́ lójoojúmọ́ pé kó kúrò nílé yẹn."

*

Oníbúrẹ́dì fẹ̀ ní àyà bí ilẹ̀kùn. Ó ń po ìyẹ̀fun lórí tábìlì, ó gbé e, ó là á mọ́lẹ̀, ó tún gbé e. Kò dáwọ́ dúró nígbà tí wọ́n wọlé.

"Mo ti gbọ́," ni ó wí. "Ìròyìn burúkú ni. Bàbá dáadáa ni. Ìdájí ni mo ti wà nídìí ààrò yìí o, gbogbo òṣìṣẹ́ mi ló lè jẹ́rìí mi."

"Ẹ ṣeun, sà. Mi ò tíì bi yín."

"Mo kàn ń sọ ọ́ ni."

"Ìrọ̀lẹ́ àná ni mo fẹ́ bi yín. Níbo lẹ wà?"

Ọwọ́ rẹ̀ rì sínú ìyẹ̀fun náà, kò sì tètè yọ. "Ilé. Mo sùn."

"Madam náà wà nílé?"

"Ó ti lọ kí ìyá rẹ̀."

Abẹ́rẹ́ ń wo apá rẹ̀. Ìyẹ̀fun wà lára apá méjèèjì, ṣùgbọ́n ti apá òsì nípọn jù, bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ bù ú sí i. Ní ibì kan, funfun náà ti ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, bí ojú ibi tí èékánná gbà kọjá.

"Ẹ bá wa kí i," ni Abẹ́rẹ́ wí, ó sì jáde.

Lẹ́yìn ilé, obìnrin kan tó ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá kò gbé ojú sókè nígbà tí Abẹ́rẹ́ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kàn sọ̀rọ̀ sínú ọ̀rá náà. "Ìyá wo ló ní ó lọ kí? Èmi ni mo bá wọn lọ ìsìnkú ìyá ẹ̀."

Nínú mọ́tò, Sájẹ́ńtì ti ń wá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká mú un, ọ̀gá!"

"Dúró ná. Ẹni tó pa ènìyàn tí kò sá lọ, kí ló ń dúró dè?" Abẹ́rẹ́ ń fi ìka lu orúnkún rẹ̀. "Tó bá ti pa ìyàwó ẹ̀, á ti wá irọ́ tó dáa jù báyìí pa. Kò mọ ibi tó wà. Ìyàwó ẹ̀ rí i nígbà tó ń pa Bàbá Ọgbà, ó fi èékánná ya á lápá, ó sì sá lọ. Ọkùnrin yìí náà ń wá a. Tá a bá mú un báyìí, á pa ẹnu mọ́, tí obìnrin náà bá sì ti fara pa, ibi tó wà ló máa kú sí. Ìwọ dúró tì í níbí. Má jẹ́ kó kúrò lójú rẹ. Ìyá Nọ́ọ̀sì á sọ ibi tí mo lè wá a sí fún mi."

"Pẹ̀lú apá kan?"

"Ojú méjì lo ní."

*

Ibì kan ṣoṣo ni Ìyá Nọ́ọ̀sì ronú kàn: lẹ́yìn ọparun tó pààlà ọgbà, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sódò. Ibẹ̀ ni Bàbá Ọgbà máa ń kó wọn lọ tó bá fẹ́ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbé inú igbó. Abẹ́rẹ́ nìkan ló lọ. Oòrùn ọ̀sán ń gba àárín ewé wọlé, ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rí ibi tí wọ́n ti gé ọparun kan láìpẹ́, omi ṣì ń sun lójú ibẹ̀. Ó rí òkúta mẹ́ta tí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ bò, ó gbọ́wọ́ lé wọn. Wọ́n lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹnì kan ti dáná níbí, ó sì ti pa á dáadáa kí èéfín má baà tú u fó.

"Àbúrò mi," ni ó pè, kò gbé ohùn sókè. "Ọlọ́pàá ni mí. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Máa bọ̀ wá, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn ọ́ mọ́."

Orí igi ni ohùn ti dá a lóhùn, ó há, ó gbẹ. "Ẹ kúrò níbẹ̀! Ó ti wà lẹ́yìn yín!"

Abẹ́rẹ́ yí padà. Ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì, Sájẹ́ńtì ti ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iwájú bí ẹni tó ń ṣọ́ báńkì. Ẹ̀yìn ilé ni Oníbúrẹ́dì gbà jáde, ó sì tọ Abẹ́rẹ́ lẹ́yìn. Fọ́ọ̀kì oko náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ dúdú lẹ́nu ìka irin rẹ̀.

Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn sáré bọ̀. Abẹ́rẹ́ fà sẹ́yìn, ìbọn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde nínú àpò rẹ̀ nígbà tí irin náà gún un nítan. Ìbọn bọ́, ó yí wọnú ewé lọ. Abẹ́rẹ́ ṣubú. Oníbúrẹ́dì fa fọ́ọ̀kì náà yọ, ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sì tún gbé e sókè. Abẹ́rẹ́ yí ara. Irin wọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ó bù ú jẹ lọ́rùn ọwọ́ títí eyín rẹ̀ fi kan egungun. Ọkùnrin náà fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú lẹ́nu, ó tún lù ú, ó wá fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ láyà, ó gbé ọ̀pá fọ́ọ̀kì dábùú ọ̀fun rẹ̀, ó sì ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ojú Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Ó kàn gbọ́ ìró kan ni, bí ìgbà tí ẹ̀ka igi gbígbẹ bá dá.

Apá Oníbúrẹ́dì ló dá. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ lórí igi, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, òòlù onígi tí wọ́n fi ń gbá èèkàn àgọ́ mọ́lẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ ya. Ọkùnrin náà yíjú sí i, ó ń mí helehele.

"Ìyàwó mi," ni ó wí. "Wò mí. Èmi ni."

Obìnrin náà gbá a lórúnkún. Ọkùnrin náà ṣubú, ó ń ké. Obìnrin náà gbé òòlù sókè lẹ́ẹ̀kẹta, orí ọkọ rẹ̀ ló sì ń wò lọ́tẹ̀ yìí.

Abẹ́rẹ́ kò lè sọ̀rọ̀. Ó fà wá sídìí obìnrin náà lórí ìgúnpá, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú. Obìnrin náà wo ọwọ́ yẹn pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ju òòlù sílẹ̀, ó tú okùn tó wé mọ́ ìbàdí, ó sì so ọkọ rẹ̀ mọ́ ìdí igi, ó ń takókó kan lé òmíràn.

*

Ó sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, bó ṣe ń fi gèlè rẹ̀ di itan Abẹ́rẹ́. Lánàá ló kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó wá bá Bàbá Ọgbà pé òun ti kúrò nílé. Bàbá Ọgbà ní kó sùn sínú àhéré òun, òun á sùn sí yàrá irinṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ dé pẹ̀lú eérú nínú bárò, bí ẹni tó wá ṣiṣẹ́. Bàbá Ọgbà dúró síwájú ilẹ̀kùn, kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ó ní, "Ó ní òun ò lọ, ọmọ mi. Máa lọ sílé."

"Ó kàn ní kó máa lọ sílé ni," ni obìnrin náà tún wí. "Kò bú u. Mo fò mọ́ ọkọ mi lápá bó ṣe ń gún un, ó gbá mi sẹ́yìn. Nígbà tí Bàbá ò mira mọ́, mo sáré. Mo gbọ́ tó ń pè mí nínú òkùnkùn bí ẹni ń pe ajá."

"Ta ló kọ́ ọ ní ooru ajílẹ̀?" Abẹ́rẹ́ yí ojú sí ọkùnrin tó wà lára igi. Ohùn rẹ̀ há.

Oníbúrẹ́dì tutọ́ ẹ̀jẹ̀. "Ooru ni mo fi ń jẹun."

Sájẹ́ńtì dé níkẹyìn pẹ̀lú ọlọ́pàá mẹ́rin, òógùn bò ó, ó ti ń bẹ̀bẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Abẹ́rẹ́ kò bá a wí. Ó kàn ní kí ó lọ tú Wẹ́dà sílẹ̀, kó sì fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé Oníbúrẹ́dì lórí pákó gba inú ọgbà kọjá. Àwọn ará àdúgbò ti kún ibẹ̀. Ẹnì kan ju òkúta, ó bà á lórí. Ẹlòmíràn ti mú àdá. Ìyá Nọ́ọ̀sì ló dúró sáàárín ọ̀nà, ó na apá méjèèjì, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kàn án kó kọ́kọ́ gun òkú òun kọjá. Bẹ́ẹ̀ ló sì ń sunkún.

Ìyàwó Oníbúrẹ́dì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abẹ́rẹ́, ó ń wo pákó náà bó ṣe ń lọ.

"Ṣé ó máa kú?" ni ó béèrè.

"Apá àti orúnkún kì í pa ènìyàn."

"Ó dáa." Ó fa ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè dé èjìká méjèèjì, gbogbo àpá inú ibẹ̀ sì hàn sí oòrùn. "Mo fẹ́ kó jókòó síwájú mi ní kóòtù, kó máa gbọ́. Látọjọ́ tó ti fẹ́ mi sílé, òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀."